"Oró" kọ́ ló bá àrùn ọkà báálì mu

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹnìkan ní kí á máa pe agbára tí àwọn ìran (ẹ̀yà) fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń mú ọkà báálì ní "oró" lédè Yorùbá. Ẹlòmíràn ní "ìmúná" ló dára jù. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́ńgọ́ọ̀sì Blumeria, tó ń hu funfun lójú ewé báálì bí ẹni bu láfún wọ́n ọn. Ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ewé tó wà láàyè nìkan ló sì ń jẹ. Bí ìran kan bá bà lé báálì tó ní jíìnì (àbùdá àjogúnbá) Mla13, tó ń gbèjà ọkà náà, ó lè hu bo ewé náà. Kí ìran mìíràn bà lé irú báálì kan náà, àmì pupa rúsúrúsú pínníṣín lẹ máa rí: sẹ́ẹ̀lì ewé ti pa ara rẹ̀ kí ọ̀tá má baà rí jẹ. Ẹ wá gbé ìran kejì yìí sórí báálì tí kò ní jíìnì náà, ó máa bò ó pátápátá. Ibo wá ni oró rẹ̀ wà? Àárín òun àti ọkà tó bá pàdé ni.

H. H. Flor, onímọ̀ nípa àrùn ọ̀gbìn, ti fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà lára àrùn ìpẹtà tó ń mú ọ̀gbọ̀: jíìnì kan lára ọ̀gbìn ló bá jíìnì kan lára àrùn mu.

Ìdí tí mo fi dábàá "ìborí-àjẹsára" nìyẹn, ìyẹn ni pé kí àrùn borí ohun tí ọkà fi ń gbèjà ara rẹ̀. Ìran tó bá lè ṣe é, "aborí-àjẹsára". Bí ẹnìkan bá ní ti ènìyàn nìkan ni àjẹsára, ṣebí adìyẹ pàápàá ń gbà á. Kí "oró" dúró fún bí àrùn ṣe ń yára tàn àti bó ṣe ń dín irè oko kù tó.

Ẹ fi jíìnì mlo, tó ń gbèjà báálì lọ́wọ́ Blumeria, dán an wò. Ìtànṣán X-ray tí wọ́n fi yí báálì padà ní Halle, ní Jámánì, ló mú un jáde, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 1942. Ọkà ìbílẹ̀ Etiópíà náà ní irú rẹ̀. Láti 1979 ló ti wà lóko ní Yúróòpù, kò sì tíì sí aborí-àjẹsára tó mú kí àwọn àgbẹ̀ pa á tì. Síbẹ̀, ìran tó kùnà lára mlo ṣì ń run báálì mìíràn. Bí a bá fi "oró" kọ gbólóhùn yìí, a ó sọ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà kò lóró, irọ́ sì nìyẹn.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju tèmi lọ, tó sì bá gbólóhùn nípa mlo yẹn mu, kó gbé e wá.