“Arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ”: ìrírí wa lórí Mátíù orí karùn-ún

Aránṣọ kan, Ìbàdàn

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Òkè-Àdó, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń darí kíláàsì Bíbélì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ìjọ Áńgílíkà wa. Èyí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí kò mọ Bíbélì ni ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni.

Ní ọdún 2019, nígbà tí ìkórè ìjọ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá opó kan nínú kíláàsì wa gbé léèsì funfun kan wá bá mi pé kí n fi rán ìró àti bùbá fún òun. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi kó owó jọ kí ó tó rà á ní ọjà Gbági ní 45,000 náírà. Ní ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi gbé áyọ́ọ̀nù tí ó gbóná jù lé e, ó sì dá ihò tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé sí ẹ̀yìn bùbá náà. Mo wá àjákù léèsì tí ó jọ ọ́, mo fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìyá náà dé, tí ó sì rí i, mo wí fún un pé ihò náà ti wà lára rẹ̀ láti ọjà, pé àánú rẹ̀ ni ó ṣe mí tí mo fi bá a lẹ̀ ẹ́ láìgba owó kún un. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní kí ó jẹ́rìí sí i, ó sì jẹ́rìí.

Ìyá náà kò jà. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó san 3,500 náírà owó iṣẹ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, kò wá sí kíláàsì mọ́. Bí àwọn ènìyàn bá béèrè rẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń dáhùn pé ara àgbà ni, pé òkùnkùn ìrọ̀lẹ́ kò bá ojú rẹ̀ lára mu. Bí a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, èmi a ní “Ẹ kú ìsinmi, Mà”, òun náà a dáhùn, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ́ kíláàsì ní Mátíù 5:23 àti 24, níbi tí Jésù ti ní bí o bá ń mú ọrẹ rẹ wá síbi pẹpẹ, tí o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, kí o fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ ọ́, tí o sì dì í sínú, Ọlọ́run kò ní gba ọrẹ rẹ, nítorí náà kí o dárí jì í kí o tó wá. Gbogbo kíláàsì a ṣe àmín. Èmi náà a rántí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jẹ mí lówó iṣẹ́, n ó dárí jì wọ́n nínú ọkàn mi, ara mi a sì fúyẹ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìwé kíkà bọ́ sọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ojú ń dùn, tí ó sì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi tí a kọ ọ́ pé “arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ”, ó dúró, ó gbé ojú sókè, ó sì béèrè pé, “Olùkọ́, inú ta ni ohun náà wà?”

Mo ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Inú arákùnrin náà ni ohun náà wà. Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí ènìyàn ní ẹnìkan sínú. Ẹni tí a ṣẹ̀ kọ́ ni ẹsẹ yìí ń bá wí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni, ẹni tí ń gbé ọrẹ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, tí ọ̀ràn náà sì ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Gálílì ni Jésù ti sọ ọ̀rọ̀ náà, Jerúsálẹ́mù sì ni pẹpẹ wà, ìrìn ọjọ́ mélòó kan fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn; ẹni tí ó bá fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ láti padà lọ bá ará ilé rẹ̀, ẹ ronú ohun tí ó ná an. Ilé ìyá opó yẹn sí ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Síbẹ̀, n kò lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n bẹ àgbà kan sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Mo tọ ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìnì, àwọn alábòójútó ìjọ wa, lọ, mo ro ẹjọ́ mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ṣé èmi ni mo bá ọ jó léèsì náà?”

Mo wá ṣí Léfítíkù orí kẹfà, níbi tí òfin ti ní kí ẹni tí ó tan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, tí ó sì búra èké, dá ojú owó padà, kí ó fi ìdámárùn-ún lé e, kí ó sì fi í fún ẹni tí ó ni ín ní ọjọ́ gan-an tí ó bá ń mú ẹbọ rẹ̀ wá. Mo ṣírò rẹ̀: 45,000, ìdámárùn-ún rẹ̀ jẹ́ 9,000, àpapọ̀ 54,000 náírà. Mo fi í sínú àpò ìwé, mo sì lọ ní Sátidé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá náà gbọ́ mi tán, kò ṣí àpò ìwé náà, ó kàn béèrè iye tí wọ́n ń ta irú léèsì yẹn ní Gbági nísinsìnyí. Mo ní n kò mọ̀. Aránṣọ ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n. N kò tíì dé géètì rẹ̀ tí mo fi padà, tí mo sì sọ fún un pé ó ti di 70,000. Ó ní, “Olùkọ́, léèsì ni ẹ jó. Ẹ kò jó owó.”

Ìṣirò mi di 84,000, mo fi 3,500 owó iṣẹ́ tí n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kún un, ó jẹ́ 87,500. N kò ní in. Mo ta ọ̀kan nínú máṣíìnì mẹ́ta tí mo ní, mo san án ní ẹ̀ẹ̀mejì, títí tí mo sì fi san ìkẹyìn, n kò lọ síbi tábìlì Olúwa. Láti ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbé ọwọ́ lé mi lórí ni mo ti mọ̀ pé Ìwé Àdúrà pe àwọn tí ó ronú pìwà dà, tí wọ́n sì wà ní ìfẹ́ pẹ̀lú aládùúgbò wọn, àti pé ìkìlọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ní kí ẹni tí ó bá ṣe ibi síni múra láti san án padà dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo jókòó tí àwọn tí mo ń kọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ síwájú. Ojú tì mí ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún náà, ìyá padà sí kíláàsì. Títí di òní, ọ̀dọ̀ aránṣọ mìíràn ni ó ń gbé aṣọ rẹ̀ lọ, n kò sì tíì rí ibi tí Bíbélì ti ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùtọ́jú àwọn arúgbó, Peckham, London

Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá aránṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá opó yẹn ni èmi wà nínú ìrírí tèmi. Àwa obìnrin mẹ́wàá nínú ìjọ wa jọ ń dá àjọ, arábìnrin kan sì ni ó ń gbà á. Nígbà tí ó kàn mí, ó ti ná 1,200 pọ́n-ùn tí ó jẹ́ tèmi. Ní òru àìsùn ọdún tuntun, ó kúnlẹ̀ níwájú mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún pé kí n dárí ji òun, pé òun kò fẹ́ gbé e wọ ọdún tuntun. Gbogbo ènìyàn ń wò wá. Mo ní mo ti dárí jì í, ó sì jó wọlé lọ. Kò dárúkọ owó, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀, nítorí pé láàárín wa, ẹni tí ó bá mẹ́nu ba owó lẹ́yìn ìdáríjì ni wọn yóò sọ pé kò dárí jini.

Ọdún méjì ni mo fi dì í sínú. Mo sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò sọ fún òun. Ìgbà tí a ka Mátíù 18:15 ní ìpàdé ilé wa ni mo rí i pé ẹni tí a ṣẹ̀ náà ní ìrìn tirẹ̀ láti rìn, àti pé láàárín ẹni méjì péré ni kí ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo pè é. Ó yà á lẹ́nu gidigidi. Ó ní nígbà tí mo ti ní mo dárí jì í, òun rò pé mo ti fi owó náà jin òun. Mo gbà á gbọ́. Ó ń san 50 pọ́n-ùn lóṣooṣù, ó sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹrìnlélógún. N kì í sunkún rìn wọ ọdún tuntun, n kì í sì gba ẹkún ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi aránṣọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìrírí rẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọdé, nítorí náà má ṣe bínú bí ojú mi bá lọ síbi tí ojú àwọn yòókù kò lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ ńkọ́? O ní kí ó jẹ́rìí èké, ó sì jẹ́ ẹ. Mo wá a nínú gbogbo ìṣirò rẹ, n kò rí i. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà? Orí kan náà tí arábìnrin wa mẹ́nu bà ni Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó bá mú ọmọ kékeré kọsẹ̀, àti ọlọ tí à ń so mọ́ni lọ́rùn.

Aránṣọ kan, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Mà. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè dá yín lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó gba òmìnira lọ́wọ́ mi ní ọdún 2021, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ṣágámù.

Mo pè é ní ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé léèsì funfun náà fún un, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ sọ fún ìyá yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi.” Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ohun tí ó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo béèrè iye ènìyàn tí ó ti sọ ọ́ fún, ó ní ẹni méjì ni òun rántí, ó sì mọ ilé àwọn méjèèjì.

Sátidé tí ń bọ̀ ni mo ń lọ. Ó ní kí n tètè dé, kí àwọn oníbàárà tó kún ṣọ́ọ̀bù.