‘Ọjọ́ iṣẹ́’ kò lè ru ẹrù méjì

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe workday ní Yorùbá. Àwọn kan ní ọjọ́ iṣẹ́ ti tó, kí la tún ń wá kiri? Ẹnìkan ní ká lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó di ọjọ́ṣẹ́. Ẹlòmíràn mú iṣẹ́ òòjọ́ wá.

Ẹ jẹ́ n tètè yanjú méjì tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ṣẹ́ kò dùn létí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láìrí i nínú ìwé á rò pé nǹkan kan ló ṣẹ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ní tirẹ̀ ti lọ́kọ: iṣẹ́ tí èèyàn fi ń jẹun ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa bi pé “Kí niṣẹ́ òòjọ́ yín?” tí yóò dáhùn pé wákàtí mẹ́jọ.

Ó ku ọjọ́ iṣẹ́. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbà fún un. Nǹkan méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú workday: ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, àti iye wákàtí tí èèyàn ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó ṣíwọ́. Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ti àkọ́kọ́, ọjọ́ là ń kà. Nínú ìkejì, bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó là ń sọ. Ọ̀lẹ lè fi oṣù kan gbáko ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago lóṣù Karùn-ún ọdún 1886, iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni wọ́n ń jà fún. Bákan náà ni ìlànà àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 1919 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé “ọjọ́ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́jọ”, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹnu Yorùbá sọ.

Ká sòótọ́, lẹ́nu ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a kì í wá ọ̀rọ̀-orúkọ fún un rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bá wa ṣe é. “Ẹ ò tíì ṣíwọ́ ni?” “Ó di ìgbà tí mo bá ṣíwọ́.” “A pẹ́ ká tó ṣíwọ́ lónìí.” Ó ti parí.

Ibi tó le gan-an ni pé, ọjọ́ wo gan-an ni ọjọ́ iṣẹ́? Àbámẹ́ta ńkọ́? Àwọn tó ti ń kọ òfin tipẹ́ náà ò fẹnu kò. Jámánì ní Werktag, wọ́n tún ní Arbeitstag, ìyẹn ọjọ́ tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Nínú òfin wọn lórí ìsinmi ọdọọdún, gbogbo ọjọ́ tí kì í ṣe Àìkú tàbí ọlidé ni Werktag, Àbámẹ́ta wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 24 tí òfin náà sọ fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Faransé ní jour ouvrable, mẹ́fà lọ́sẹ̀, àti jour ouvré, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, tó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ ṣe ní 1971, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1182, yọ Àbámẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ iṣẹ́. Ní Saudi Arabia, Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ń sinmi, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún wọn.

Kíkà á tún ní wàhálà tirẹ̀, tiwa sì nìyí. Yorùbá máa ń ka ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ta ló wà nínú ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá: òní, àná, ìjẹta. Àrún ló wà nínú ọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló sì ń yí po. Bí wọ́n bá wá sọ fún èèyàn lọ́jọ́ Ajé pé kó padà wá lọ́jọ́ iṣẹ́ kẹta, bó bá kà á bí Yorùbá ṣe ń kà á, Ọjọ́rú ló máa dé, nígbà tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló wà lọ́kàn akọ̀wé. Òfin 1182 yẹn kì í ka ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo máa kọ sínú ìwé àdéhùn nìyí: “láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, láìka ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé sí wa, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọlidé mọ́ ọn.” Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ní ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó wọṣẹ́ lálẹ́ Ẹtì tó sì ṣíwọ́ láàárọ̀ Àbámẹ́ta, èmi á kà á sí Ẹtì, nítorí ìgbà náà ló wọṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i lọ́nà míì, kó wí.