Kí ló dé tí igun tó wà láàárín ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù nínú H₂S (hydrogen sulfide) fi kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ kẹ́místírì. Èmi ni mò ń kọ́ ọmọ mi nílé fún WAEC níbí n'Íbàdàn. Mo so fèrè aláfẹ́fẹ́ (balloon) mẹ́rin pọ̀ nídìí. Wọ́n ti ara wọn sọ́tọ̀, ó sì yé e pé bẹ́ẹ̀ ni electron méjì-méjì ṣe ń lé ara wọn. Igun CH₄ (methane) jẹ́ 109.5°, ti NH₃ (ammonia) 107°, ti H₂O (omi) 104.5°, torí electron méjì-méjì tí kò so átọ́ọ̀mù kankan máa ń gba àyè jù. Inú mi dùn gan-an! Àmọ́ ọmọ mi ní H₂S náà ní irú electron méjì-méjì bẹ́ẹ̀ lọ́nà méjì bíi ti H₂O, kí ló dé tí igun rẹ̀ fi jẹ́ 92°? Mo mọ̀ pé sulfur tóbi ju oxygen lọ, ṣùgbọ́n báwo ni títóbi ṣe ń dín igun kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.