Alágbéró àbí ajẹṣẹ́kù?

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe "sustainable development" ní "ìdàgbàsókè alágbéró", ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ mo ti rò ó títí, kò wọ̀ mí létí. Kí la máa ń gbé ró? Ṣebí ilé tó ti fẹ́ wó ni, tí wọ́n bá yọ igi tí wọ́n fi tì í pẹ́nrẹ́n, gbì! Ṣé ká wá máa sọ fáwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè pé ẹnì kan níbì kan ló máa bá wọn di tiwọn mú?

Níbi tọ́rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹ̀, kò jọ gbígbé ró rárá. Ní 1713, ará Jámánì kan, Hans Carl von Carlowitz, tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwakùsà, rí i pé igi tí wọ́n fi ń dáná yọ́ kùsà ti fẹ́ tán nínú igbó, ló bá kọ̀wé pé ìwọ̀n tó máa lè hù padà ni kí wọ́n máa gé. Ìgbìmọ̀ Brundtland, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyíká àti ìdàgbàsókè, náà ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1987: ká gbọ́ bùkátà tiwa láì dí àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àtigbọ́ tiwọn. Ká jẹ, kó ṣẹ́kù. Èmi ní ká pè é ní "ìdàgbàsókè ajẹṣẹ́kù". Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní àjẹkù ni mò ń sọ, rárá o, "à" olóhùn ìsàlẹ̀ ni ohun tí wọ́n jẹ kù, "a" olóhùn àárín ni ẹni tó ń jẹ, bí apẹja, bí adájọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe "growth" náà ní ìdàgbàsókè mọ́, ìbísí ni, iye owó lásán. Ẹ wo Nauru, erékùṣù kékeré inú Pàsífíìkì, wọ́n wa fọ́sífeètì, ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tà sókèèrè títí wọ́n fi wà lára àwọn tó lówó jù láyé lẹ́yìn òmìnira 1968, ìbísí nìyẹn, ìwakùsà sì ba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ wọn jẹ́, nígbà tí fọ́sífeètì wá ń tán lọ, owó náà ń tán pẹ̀lú ẹ̀. GDP, ìyẹn iye owó gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kan ṣe jáde lọ́dún, ka ohun tí wọ́n tà, kò yọ ilẹ̀ tó bàjẹ́ kúrò. Ìdàgbàsókè wo nìyẹn?

"Trade" ò ṣòro, òwò ni. Èyí tó le ni owó tí Yúróòpù fi lé irin, sìmẹ́ǹtì àti ajílẹ̀ tó ń wọlé, nítorí kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tó jáde níbi tí wọ́n ti ṣe é. Mo kọ "owó-ibodè èéfín" sílẹ̀, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn torí èéfín ṣeé fojú rí, kábọ́ọ̀nù ò ṣeé rí. Ta ló ní èyí tó dáa jù ú lọ?