Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lẹ́bàá igi

Ìbéèrè láti Camberwell, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Bí mo bá délé láàárọ̀, ó á ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, síbẹ̀ oorun kì í kùn mí, nítorí pé owó ilé, owó iná àti ìpè àwọn ará ilé ni yóò máa yí lọ́kàn mi. Kí ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí ń ṣe tí ọkàn yín fi ń balẹ̀?

Èsì láti Peckham

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́, o sì kú ìfaradà. Ọdún 11 ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, etí mi á sì ṣì máa gbọ́ aago tí àwọn arúgbó fi ń pè wá lóru. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ kò ná mi ní kọ́bọ̀. N kì í lọ sílé tààrà mọ́; Burgess Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan, ni mo máa ń gbà kọjá, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ti yan igi kan láàyò níbẹ̀. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí fóònù á wà nínú àpò. London plane ni wọ́n ń pe irú igi náà, ó sì pọ̀ lẹ́bàá títì ìlú yìí. Èèpo rẹ̀ a máa bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó á mọ́ bí ẹ̀kọ, ibi tí ó ti pẹ́ á sì rí bí eérú. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lówùúrọ̀ oṣù Kẹta báyìí, ó tutù, ó sì ń jọ̀lọ̀ níbi tí ó bó. Kí n tó rí ojú tuntun tí èèpo ti ṣí láti àná, èémí mi á ti rọlẹ̀, èjìká tí ó ti le gbagidi láti òru á sì ti dẹ̀.

Ní òye tèmi, ọkàn tí ó ń wá ibi tí igi bó kò ráyè ro gbèsè. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Exeter gbé ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn ní England, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó ń lo ìṣẹ́jú 120 ó kéré tán lọ́sẹ̀ níbi tí ewéko àti igi wà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀, yálà wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan náà tàbí wọ́n pín in kéékèèké. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú wákàtí kan ààbọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé, kò sí ẹni tí ó ń kọ́ wa ní èyí, nítorí abẹ́ igi ọdán ni àwọn bàbá wa ti ń gba atẹ́gùn. Òtútù ibí ni ó sọ wá di ẹni tí ó ń ti ilé bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, tí ó sì tún ń ti bọ́ọ̀sì bọ́ sínú ilé.

Wọ bàtà tí omi kì í wọ̀. Àárọ̀ ni kí o máa lọ, pàápàá ní oṣù Kejìlá tí oòrùn máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Bí àìsùn náà bá sì ń bá a lọ, lọ rí dókítà ìdílé rẹ, nítorí igi kò lè rọ́pò dókítà. Béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ bóyá wọ́n ní link worker, ìyẹn ẹni tí ó lè darí rẹ sí ẹgbẹ́ àwọn tí ó jọ ń rìn tàbí tí ó jọ ń dáko.

Èsì láti Chicago

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí yìnyín sé mọ́lé ńkọ́? Fèrèsé ni tèmi. Ní ọdún 1984, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Roger Ulrich tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania: àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè padà sílé ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò kò sì tó ti àwọn yẹn. Ìgbà tí mo kà á ni mo gbé àga mi kúrò níwájú tẹlifísọ̀n lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ẹyẹ pupa kan tí wọ́n ń pè ní cardinal wà níbí, tí kì í sá fún òtútù. Òun ni mo ń wò bí mo bá ń mu tíì.

Láti Camberwell

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo gba Burgess Park kọjá láàárọ̀ yìí. Ẹyẹ dúdú kan wà lórí adágún, tí iwájú orí rẹ̀ funfun báláú, tí ó ń kó igi wẹ́wẹ́ lọ sínú koríko etí omi, tí ó sì wọ́ ọ̀rá ìpápánu kan mọ́ ọn. Mo wò ó títí, n kò rántí fóònù. Kí ni orúkọ rẹ̀?

Láti Peckham

Coot ni. Ìtẹ́ ni ó ń kọ́. Takọtabo wọn ni wọ́n jọ ń sàba lé ẹyin, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀. Rọra dúró lókèèrè kí o má baà lé wọn, kí o sì máa gba ibẹ̀ kọjá títí di oṣù Karùn-ún. Orí pupa ni wàá fi dá àwọn ọmọ náà mọ̀.