Síìlì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi ò yéé jò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Píkọ́ọ̀pù 1996 tí mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìkirè wá sí Ìbàdàn ló ń dààmú mi. Ọ́ìlì gíà ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Nígbà tí a tú dúrọ́ọ̀mù, ṣúù bíréèkì ti rin gbingbin, ó ń rùn bí imí ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹkáníìkì ti pààrọ̀ síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú, pàbó ló já sí. Mo fi èékánná wọ́ ara ṣáàfù, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí síìlì ń jókòó sí, ó kọ́ mi léèékánná: ojú ibẹ̀ ti jẹ. Ṣé ṣáàfù ni kí n pààrọ̀, àbí bíárìn ló ń mì? Àbí ihò tí áàsì, ilé irin tí ṣáàfù àti ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, fi ń mí ló dí? Ṣúù tó ti mu ọ́ìlì ńkọ́, ṣé ó ṣeé fọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, bíréèkì yẹn ló ń já mi láyà jù.