Wọ́n fẹ́ yí ẹran ọrùn mi dí ojú iṣẹ́ abẹ níwájú etí: ṣé kí n gbà?

Ìyá Télọ̀ Abẹ́òkúta
Ẹ kú ojúmọ́ o. Kókó kan ti wà níwájú etí òsì mi láti bí ọdún 6, kò sì dùn mí rí. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ, ìyá ọkọ mi ní ṣegede ni, ó ní kí n fi aró kùn ún. Ṣegede wo ló ń lo ọdún 6? Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní pleomorphic adenoma ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè di í bó bá pẹ́ jù.

Dókítà ní òun á yọ ọ́ pẹ̀lú apá kan parotid, níbi tí itọ́ ti ń wá. Ojú ibẹ̀ á jìn. Òun á wá gé díẹ̀ lára ẹran ọrùn, èyí tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ dé òkè àyà, yóò yí i sókè fi dí i, kí n má baà máa làágùn lẹ́rẹ̀kẹ́ bí mo bá ń jẹun. Òógùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ̀? Aṣọ ni mò ń rán, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń tẹrí ba lórí máṣíìnì. Ọrùn mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ṣọlá
Wọn ò yí ẹran kankan fún èmi ní 2016. Ojú mi ò wọ́, ọpẹ́ ni. Àfi ìgbà tó di bí oṣù 8, mò ń jẹ àmàlà níbi ìkómọ, omi bá ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé mò ń sunkún! Dókítà fi iodine kùn mí lójú, ó jẹ́ kó gbẹ, ó bu sítáàṣì lé e, ó ní kí n lá ọsàn wẹ́wẹ́. Ibi tí òógùn ti yọ dúdú kirikiri. Roll-on ni mò ń fi sí i lálẹ́ báyìí. Abẹ́rẹ́ Botox tó ń dá òógùn dúró wà, àmọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan agbára rẹ̀ á tán, ẹ ó tún sanwó.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Frey ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe Bàbá Ṣọlá, orúkọ Łucja Frey, dókítà obìnrin ará Poland tó kọ nípa rẹ̀ ní 1923. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń pàṣẹ fún parotid pé kó tu itọ́ ni ọ̀bẹ gé. Bí wọ́n ṣe ń hù padà, wọ́n á ṣìnà lọ bá ibi tí òógùn ti ń jáde lára awọ. Oúnjẹ dé ẹnu, òógùn dáhùn. Ẹran tí wọ́n yí ló máa dúró láàárín wọn bí ògiri.

Kí n má purọ́: ìwádìí ò fẹnu kò lórí òógùn yẹn. Àwọn kan rí i pé ó dín kù, àwọn mìíràn ò rí ìyàtọ̀. Ojú tó jìn ni mo rí i pé ó ń bá tún ṣe dáadáa. Ìyá Télọ̀, ẹ bi dókítà yín nípa iṣan tó ń pàṣẹ fún èjìká pé kó gbéra, torí ẹ̀gbẹ́ ẹran yẹn gan-an ló gbà kọjá. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe, apá ò ní gbéra dáadáa, ẹ̀yin sì rèé, apá lẹ fi ń jẹun.

Àbẹ̀ní Ìlọrin
Wọ́n yí tèmi, ó ti tó ọdún kan àti oṣù 3. N ò tíì làágùn. Àmọ́ itọ́ kóra jọ sábẹ́ awọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wú tó obì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi síríńjì fà á, wọ́n fi báńdéèjì dì í pinpin, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun kíkan. Ọrùn mi le fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Ìsàlẹ̀ etí mi ò mọ nǹkan kan lára títí di òní. Yẹtí mi já bọ́ lọ́jà, n ò mọ̀, ẹlẹ́ran ló pè mí padà.

Ìyá Télọ̀ Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ti èjìká yẹn sínú ìwé tí mo fi ń wọn aṣọ, Ọjọ́rú ni mo fẹ́ rí dókítà. Bó bá fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí ìyẹn, màá gbà. Mo ka ti Bàbá Ṣọlá sétí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ, aró náà ni dókítà padà fi kùn wọ́n lójú.